Olóyè Shafi Lawal Edu àti Ogún tí Ó Fi Sílẹ̀ fún Gbogbo Ènìyàn

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àpéjọ àjọ̀dún ọgọ́rùn-ún ọdún ìjọ wa ní Ìlúpéjú



Ìgbìmọ̀ àjọ̀dún pàṣẹ fún mi pé kí n sọ̀rọ̀ lórí ẹnì kan tí ó fi ọrọ̀ àti orúkọ rẹ̀ ṣe àǹfààní fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tí mo yàn kì í ṣe ọmọ ìjọ wa. Mùsùlùmí ni, ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí orúkọ Mùsùlùmí ń wá nínú àjọ̀dún ìjọ Áńgílíkà, èsì mi kò gùn: àwọn àgbà wí pé òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀tá, ẹni eji rí leji ń pa. Iṣẹ́ tí ọkùnrin yìí ṣe jẹ mọ́ òjò, ó jẹ mọ́ igbó, ó jẹ mọ́ odò, kò sì sí èyí tí ó mọ ẹlẹ́sìn kan yàtọ̀ sí èkejì nínú wọn.

Ní ọdún 1911 ni a bí Olóyè Shafi Lawal Edu ní Ẹ̀pẹ́, ìlú tí ọ̀sà wà níwájú rẹ̀ tí igbó sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ irú ìlú bẹ́ẹ̀ kò nílò kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ọ pé ẹja ni oúnjẹ òtòṣì, àti pé bí omi bá bàjẹ́, ilé apẹja ni ebi ti ń kọ́kọ́ wọlé. Ó di oníṣòwò ńlá ní Èkó, ó jẹ ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò Èkó, ó sì dá ilé-iṣẹ́ adójútòfò African Alliance sílẹ̀ ní ọdún 1960. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí ẹni tí ń ta adójútòfò mọ ohun kan ju ẹlòmíràn lọ: ìgbà tí ilé kò tí ì jó ni à ń sanwó nítorí ilé tí ó lè jó.

Ní ọdún 1980, nígbà tí ó ti tó ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, tí ẹlòmíràn ì bá ti jókòó máa ka èrè rẹ̀, ó dá àjọ Nigerian Conservation Foundation sílẹ̀ láti dáàbò bo igbó, ẹranko, ẹyẹ àti omi ilẹ̀ wa. Kò dá a ṣe. Akintola Williams, àgbà nínú àwọn olùṣirò-owó, wà pẹ̀lú rẹ̀, A. P. Leventis wà níbẹ̀. Philip Asiodu náà wà níbẹ̀. Ẹ̀yà wọn kò dọ́gba, ẹ̀sìn wọn kò dọ́gba, ṣùgbọ́n wọ́n fi ẹnu kò sí iṣẹ́ kan ṣoṣo.

Ní àkókò náà, ìjọba àpapọ̀ kò tí ì ní àjọ kankan tí a yàn fún ọ̀ràn àyíká. Ohun tí ó jí ìjọba lójú orun ni ọ̀ràn Kókò, ní ọdún 1988. Kókò jẹ́ ìlú kékeré ní etí odò ní ìpínlẹ̀ Bendel ìgbà náà. Láti ilẹ̀ Ítálì ni a ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù ìdọ̀tí olóró wá, a sì tò ó jọ sínú ọgbà ẹni tí owó kékeré ni a fún fún un. Àwọn bàbá wa wí pé bí a bá gbá ilé, bí a bá gbá ọ̀nà, ààtàn ni à ń darí rẹ̀ sí. Ọlọ́rọ̀ ayé ti gbá ilé tirẹ̀, ó sì sọ àgbàlá tálákà di ààtàn. Ní òpin ọdún náà ni ìjọba gbé àjọ FEPA kalẹ̀. Ọdún mẹ́jọ ni Olóyè Edu ti fi ṣáájú.

Níhìn-ín ni mo fẹ́ kí ẹ ti rí i pé ọ̀ràn àyíká àti ọ̀ràn ìdọ́gba ọmọ ènìyàn kì í ṣe ọ̀ràn méjì. Ẹni tí ó lówó lè kó kúrò níbi tí omi ti ń rùn. Ẹni tí kò ní ni yóò dúró mu ún.

Ní ọdún 1990 ni a ṣí ọgbà Lekki, hẹ́kítà 78 igbó àti àbàtà. Láti ìgbà náà ni a ti ń fi yanrìn dí àyíká rẹ̀, tí owó ilẹ̀ ibẹ̀ sì ń ga. Síbẹ̀ ọ̀bọ ń fò lórí igi níbẹ̀, ọ̀nì ń gbé inú omi rẹ̀, àwọn ọmọ iléèwé sì ń rin orí afárá òkè igi tí ó gùn tó mítà 401. Kì í ṣe ìran wíwò nìkan ni. Àbàtà dàbí kànrìnkàn: ó ń fa omi òjò mu, ó sì ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí a bá dí i tán, ilé ẹnì kan ni omi náà yóò wọ̀.

Àjọ náà ṣiṣẹ́ nínú igbó Òkomù ní ilẹ̀ Ẹdó, èyí tí ó di ọgbà ìjọba àpapọ̀ ní ọdún 1999, ó sì ń ṣiṣẹ́ nínú igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí erin ṣì wà. Àwọn kan ń sọ pé irú ìdáàbòbò bẹ́ẹ̀ ń gba oko lọ́wọ́ àgbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Bí a bá lé tálákà kúrò nínú igbó láìfún un ní ọ̀nà ìjẹun mìíràn, a ti gba ẹranko là, a sì ti ṣẹ ènìyàn. Ẹni tí yóò tọ́jú igbó gbọ́dọ̀ bá ará ìtòsí igbó jókòó.

Olóyè Edu fi ayé sílẹ̀ ní ọdún 2002. Ní orúkọ rẹ̀ ni àjọ náà ti ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọdọọdún, tí a sì ń fi owó ìwádìí ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ ní yunifásítì.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ wá sílé. Kí a tó dá ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọdún 1967 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti fi Ìlúpéjú ṣe ibùdó ilé-iṣẹ́. Iṣẹ́ náà bọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa, a kò sì gbọ́dọ̀ jẹun tán kí a bú àwo. Ṣùgbọ́n odò kan wà ní àdúgbò wa tí à ń pè ní Odò Ìyá Aláró. Orúkọ rẹ̀ ń rántí àwọn ìyá tí ń fi aró rẹ aṣọ. Lónìí, omi ilé-iṣẹ́ àti ìdọ̀tí ilé ni ó ń gbé lọ sínú ọ̀sà. Àwọn tí ó kọ́lé sí bèbè rẹ̀ kọ́ ni ó ni ilé-iṣẹ́. Nígbà tí òjò ńlá rọ̀ ní Èkó ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Keje ọdún 2011, tí ó sọ òpópó di odò tí ó sì gba ẹ̀mí ènìyàn, gbogbo wa ni òjò rọ̀ lé lórí, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wa ni ẹní rẹ̀ léfòó.

Nítorí náà, mo bẹ ìjọ yìí ní ohun mẹ́ta. Èkíní, ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi simẹ́ńtì bo gbogbo àgbàlá ilé Ọlọ́run nítorí ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ẹ fi ilẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀ kí òjò lè rí ibi wọ̀, kí igi sì rí ibi dúró. Èkejì, ẹ̀yin ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tí ẹ wà láàárín wa, ẹ wo ibi tí omi yín ń ṣàn lọ kí ìjọba tó wá wò ó. Ẹ̀kẹta, kí ìgbìmọ̀ àjọ̀dún yọ díẹ̀ nínú owó ìrántí yìí, kí a fi tọ́jú gọ́tà àti bèbè odò níbi tí àwọn aláìní ń gbé, ìbáà ṣe ọmọ ìjọ, ìbáà ṣe Mùsùlùmí.

Òkúta ìrántí dára, orúkọ tí a kọ sára rẹ̀ sì dára. Ṣùgbọ́n ọmọ tí yóò ka orúkọ náà ní ọgọ́rùn-ún ọdún sí i yóò kọ́kọ́ nílò omi tí ó lè mu.

Kí Olúwa bù kún ìjọ yìí, kí ó sì bù kún ilẹ̀ tí ó dúró lé lórí. Àmín.