Ọ̀rọ̀ lórí Iyọ̀ Inú Ilẹ̀, fún Àwọn Olóko Kòkó ní Agége

Bí mo ti dárúkọ iyọ̀ inú ilẹ̀, ẹlòmíràn yóò wí pé àrùn ilẹ̀ gbígbẹ ni, kò kàn wá. Òtítọ́ ni lọ́nà kan. Ní Agége níhìn-ín, níbi tí J. K. Coker àti ẹgbẹ́ Agege Planters' Union ti ọdún 1907 ti gbin kòkó, òjò ni ó ń fọ ilẹ̀ fún wa. Ṣùgbọ́n ilé ti gba ilẹ̀ náà, ẹ̀yìnkùlé sì ni ọ̀pọ̀ yín ti ń tọ́ ọmọ kòkó nínú àpò ọ̀rá ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ẹ ń fi omi kànga bu rin wọn. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti kàn yín.

Ẹ rántí bí àwọn ìyá wa ti ń sẹ́ omi eérú fún ọṣẹ dúdú. Wọn a da eérú èèpo kòkó sínú ajere, wọn a bu omi lé e, omi a sì máa kán sílẹ̀ pẹ̀lú iyọ̀ inú eérú. Bí ẹnìkan bá dí ihò ajere ńkọ́? Oòrùn yóò fa omi náà gbẹ, ṣùgbọ́n oòrùn kì í gbé iyọ̀.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí ní gúúsù Ìráàkì ní èyí tí ó lé ní 4,000 ọdún sẹ́yìn: iyọ̀ pọ̀ nínú oko tí wọ́n ń bomi rin, bálì sì ń gba ipò àlìkámà díẹ̀díẹ̀, nítorí bálì fara da iyọ̀ jù ú lọ. Ní Kadawa nílẹ̀ Kánò pẹ̀lú, níbi tí omi ìsédò Tiga, tí a parí ní 1974, ti ń wọ oko, iyọ̀ bá omi abẹ́ ilẹ̀ gòkè ní apá kan. Omi kò wọ́n wọn. Ọ̀nà tí omi yóò gbà jáde ni kò tó.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ wo irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ sàn, kòtò ìṣànjáde ni kí ó kọ́kọ́ gbẹ́. Lẹ́yìn èyí ni kí ó da omi dáradára lé e. Omi tí ó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, bí ó bá gba inú ilẹ̀ tí ó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan kọjá, a máa fọ nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún iyọ̀ rẹ̀ lọ. Bí ilẹ̀ bá ti dì, tí omi kò wọ̀ ọ́ mọ́, gypsum ni a máa ń pò mọ́ ọn kí omi tó lè rí ọ̀nà.

Nísinsìnyí, ẹ padà sí ẹ̀yìnkùlé yín. Bí iyọ̀ gíráàmù 1 bá wà nínú líta omi kan, garawa 25 tí ó gba líta 20 ti kó ìlàjì kílógíráàmù iyọ̀ wọlé. Àgbọn etí òkun Badagry lè fara dà á. Kòkó kì í ṣe àgbọn. Bí etí ewé bá ń jó tí ilẹ̀ inú àpò sì tutù, ẹ fura. Ẹ lu ihò sí ìdí àpò, ẹ gbé e kúrò lórí sìmẹ́ńtì tí omi ń dúró sí, ẹ da omi òjò tàbí omi kànga tí kò níyọ̀ sí i títí yóò fi máa ṣàn jáde nísàlẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó ro, kí ẹ tún un ṣe. Ẹ má fi eérú sí i nígbà náà. Omi gọ́tà tí ń ti ilé-iṣẹ́ jáde, ẹ má tilẹ̀ bù ú rárá, bí ó ti wù kí ó mọ́ lójú tó.