Oníjó Olóògùn Tó Di Ayàwòrán
(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú wa sọ níbi àjọ̀dún ẹgbẹ́, ní Ògbómọ̀ṣọ́)

Ọ̀rọ̀ owó ẹ̀yáwó fún ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ni wọ́n ní kí n sọ. Ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀dọ̀ ayàwòrán kan wọ̀ ọ́.

Gbogbo wa la mọ àwọn olóògùn tó máa ń wá sọ́jà. Wọ́n á lùlù, oníjó á jó, èrò á pé lé wọn lórí, wọ́n á wá kó oògùn jáde. Àwa tí ìsọ̀ wa wà nítòsí á máa bínú, wọ́n ṣáà ń dí oníbàárà lọ́nà. Irú oníjó bẹ́ẹ̀ ni Táíwò Ọlániyì, tí ayé mọ̀ sí Twins Seven-Seven. Ọmọ Ògìdì ni, ní Ìpínlẹ̀ Kogí òde òní. 1944 ni wọ́n bí i. Ó ní ìbejì ẹ̀ẹ̀meje ni ìyá òun bí, òun nìkan ló ṣẹ́ kù. Ibẹ̀ lorúkọ yẹn ti wá. Ẹ̀yin abiyamọ, ẹ rò ó wò ná.

Ní 1964, ijó olóògùn ló gbé e dé Òṣogbo. Ó já wọ ibi àríyá kan ní Mbárí Mbáyọ̀, ilé eré tí Dúró Ládiípọ̀ àti Ulli Beier, òyìnbó ará Jámánì, dá sílẹ̀ ní 1962. Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́, Dúró Ládiípọ̀ yìí náà ló fi ìtàn Ṣàngó, Aláàfin yín, ṣe eré Ọba Kò So. Ẹnikẹ́ni ò pe Táíwò síbẹ̀ o. Ijó ẹ̀ ni wọ́n rí tí wọ́n fi dá a dúró. Nígbà tí Georgina Beier ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní àwòrán lọ́dún yẹn, òun náà jókòó tì wọ́n. Àwọn wo ló bá níbẹ̀? Jimoh Buraimoh, tó ń tan iná fún ẹgbẹ́ eré. Múráínà Oyèlámì, tó ń lùlù, tó ń ṣeré.

Àwòrán Táíwò kún bí ọjà ọjọ́ ọdún. Kò sí àyè tó ṣófo: iwin, ẹja, ọdẹ, ẹyẹ, tó fi gègé àti yíǹkì fà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Kò sì fi orin sílẹ̀, ó ní ẹgbẹ́ olórin tirẹ̀, ó ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù. Èmi ò mọ̀wé àwòrán, àmọ́ tí mo bá wo tirẹ̀, ó ń ṣe mí bíi pé ìlù olóògùn yẹn ò tíì dákẹ́.

Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́. Ọmọ mi kejì máa ń yàwòrán sẹ́yìn ìwé tí mo fi ń kọ gbèsè. Ó ya alágbàrù, ó ya ẹlẹ́ran, ó ya àwọn ọmọ tó ń jó níwájú ṣọ́ọ̀bù oníkásẹ́ẹ̀tì ní Tákié. Mo nà án. Ọ̀gá kan tó ń kọ síáńbọ́ọ̀dù rí i, ó ní kí n mú un wá. Mi ò rówó ìkọ́ṣẹ́. Mo wá ẹ̀yáwó wá sọ́dọ̀ yín, ẹ ní télọ̀ àti onídìrí nìkan lẹ ń yá, pé àwòrán kì í ṣe iṣẹ́. Ọdún méjì ṣòfò kí n tó rí i tù jọ.

Mi ò sọ pé dídùn ni gbogbo ìtàn Táíwò. Ó rówó, ó náwó. Ó dé Amẹ́ríkà, ọtí àti tẹ́tẹ́ bá a fà á, títí tó fi di ẹni tó ń ṣọ́ ibi tí oníbàárà ń gbé mọ́tò sí níwájú ilé ìtajà kan ní Philadelphia. Nígbà tí wọ́n mọ̀ pé ayàwòrán ni, wọ́n ní kó máa ya bébà tí wọ́n fi ń di ọjà. Ibẹ̀ ló ti tún gbérí. Ní 2005, àjọ UNESCO fi í joyè oníṣẹ́ ọnà fún àlàáfíà. Ó kú ní UCH, Ìbàdàn, ní oṣù kẹfà 2011.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀ fún jẹ́ méjì pọ̀. Kí ẹgbẹ́ máa yá ọmọ tó ń kọ́ àwòrán tàbí ìlù lówó bíi ti télọ̀. Kí ọmọ náà sì ní káàdì àjọ tirẹ̀ lọ́jọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ ìkọ́ṣẹ́, kó máa dá a títí yóò fi ṣe fíríìdọ̀ọ̀mù.

Akọ̀wé ti mú fọ́ọ̀mù lọ́wọ́. Síáńbọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ rí lẹ́nu ọ̀nà bẹ́ ẹ ṣe ń wọlé, ọmọ mi yẹn ló kọ ọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fara mọ́ ọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ nawọ́ sókè.