Òṣùwọ̀n Inú Òtútù

Ẹ ní kí n sọ ìdí tí àwọn onímọ̀ fi ń fi òtútù líle wọn ìtànṣán gámà.

Ẹ jẹ́ kí a ti ìdí ẹrù bẹ̀rẹ̀. IAEA, àjọ àgbáyé tí ń ṣọ́ ọ̀ràn átọ́míìkì, ka kìlógíráàmù 8 plutonium sí èyí tí ó lè tó bọ́ǹbù kan. Ilé iṣẹ́ Rokkasho ní Japan, bí wọ́n ti ṣètò rẹ̀, lè yọ nǹkan bíi 8,000 kìlógíráàmù lọ́dún. Bí òṣùwọ̀n bá fi ẹyọ kan ṣìnà nínú ọgọ́rùn-ún, kìlógíráàmù 80 nìyẹn. Ta ni yóò mọ̀ bóyá ìṣirò ni ó yẹ̀ tàbí olè ni ó wọlé?

Oríṣi plutonium kọ̀ọ̀kan ń tan gámà tí ó ní agbára tirẹ̀. Láìmọ ìpín oríṣi kọ̀ọ̀kan, a kò lè mọ iye ẹrù náà láìṣí àpótí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn agbára wọ̀nyí sún mọ́ ara wọn pẹ́kípẹ́kí. Ẹ̀rọ germanium tí a ti mọ̀ tipẹ́ a máa dà wọ́n pọ̀, bí ẹni tí ń gbọ́ ìlù méjì láti òdìkejì odò.

Ẹ̀rọ tuntun yìí kò ju òṣùwọ̀n ooru lọ. Gámà kọlu ègé irin kékeré kan, irin náà sì móoru díẹ̀. Nínú ohun tí ó ti gbóná tẹ́lẹ̀, ta ni yóò mọ̀ pé ooru kín-ún bẹ́ẹ̀ dé? Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń mú un tutù títí yóò fi ku ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n Celsius kan kí ó dé òpin òtútù, ìyẹn 273 nísàlẹ̀ òdo. Níbẹ̀ ni irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí a so mọ́ ọn wà ní bèbè: bí ó bá tutù sí i, iná mànàmáná yóò kọjá láìsí ìdènà rárá, bí ó bá móoru díẹ̀, ìdènà yóò dé. Ooru tí kò tó nǹkan yóò sì yí iná náà padà gidigidi.

Ó lọ́ra ṣá o. Ègé náà ní láti tutù padà kí ó tó gba gámà mìíràn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tò ó pọ̀ bí ojú afárá oyin. Ní ọdún 2012, àwọn onímọ̀ NIST àti Los Alamos ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé èyí tí ó ní ègé 256.

Títí di òní, bí àyẹ̀wò bá le, wọ́n a máa bu díẹ̀ nínú ẹrù náà lọ fi ásíìdì yọ́ ní yàrá àyẹ̀wò. Iṣẹ́ yẹn gan-an ni a ń fẹ́ kí òtútù yìí gbà ṣe, láìfọwọ́ kan ẹrù. Olóòtú, ẹ lè bi mí ní ìbéèrè nísinsìnyí.