Òkun, Òjò Oṣù Kẹjọ àti Ẹ̀kọ́ Àwọn Ọmọ Wa



Ní ọjọ́ kan, mo bi àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ lọ́dọ̀ wa léèrè pé, kí ni ìdí rẹ̀ tí òjò fi máa ń sinmi nínú oṣù Kẹjọ? Ọmọ àgbẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn. Wọ́n mọ̀ pé ìsinmi náà ni ó pín òjò àkọ́rọ̀ níyà kúrò lára òjò àrọ̀kúrò, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè sọ ìdí rẹ̀. Wọ́n mọ orúkọ àwọn odò ilẹ̀ òkèèrè, wọn kò mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lókè orí ara wọn. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, nítorí èmi náà wà lára àwọn tí ó kọ́ wọn.

Láti ojú òkun ni òjò wa ti ń wá. Oòrùn a máa fa ọ̀rinrin sókè, atẹ́gùn tí ń fẹ́ láti gúúsù òun ìwọ̀-oòrùn a sì gbé e wá sórí ilẹ̀ wa. Nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́ láti aṣálẹ̀ Sàhárà, atẹ́gùn òkun a sún sẹ́yìn, òjò a sì dá. Bí oṣù Keje bá ń parí lọ, òjò ńlá a ti ṣí lọ sí ìhà àríwá. Ní àkókò kan náà, omi tútù a máa ru sókè láti ìsàlẹ̀ òkun ní etíkun Gánà àti Côte d'Ivoire. Omi tútù kì í fún afẹ́fẹ́ ní ọ̀rinrin tó bí omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, nítorí náà òjò a dín kù lọ́dọ̀ wa.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún ní Ìbàdàn, ó sì gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn àti ilé lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, omíyalé tún pa ènìyàn tí ó lé ní 100 ní ìlú kan náà. Nínú oṣù tí a fi ọkàn sí pé òjò ń sinmi ni méjèèjì! Òjò ọdún 2011 náà lé ní 180 mìlímítà láàárín wákàtí díẹ̀. Mìlímítà òjò kan, lórí ilẹ̀ tí ó jẹ́ mítà kan níbùú àti lóòró, jẹ́ lítà omi kan. Lórí éékà kan, òjò ọjọ́ náà lé ní 700,000 lítà. Ọmọ tí ó bá mọ ìṣirò yìí kò ní fi ọkàn balẹ̀ kọ́lé sí ojú àgbàrá. Àìmọ̀kan, àìmọ̀kàn ni èkúté ilé fi ń pe ológbò níjà.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ní Èkó. Ìgbì a máa kó iyanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Nígbà tí a mọ ògiri òkúta sí ẹnu èbúté láàárín ọdún 1908 sí 1912, iyanrìn dúró sí apá ìwọ̀-oòrùn, òkun sì jẹ ilẹ̀ Bar Beach lápá kejì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru.

Àwọn kan yóò wí pé Ọlọ́run ni í rọ òjò. Èmi oníwàásù gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọlọ́run fi ìyàn tí ń bọ̀ han Jósẹ́fù, kò káwọ́ gbera. Ó kó ọkà pamọ́.

Ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Èkíní, kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní ohun-èlò ìwọn-òjò, kí àwọn ọmọ máa wò ó ní wákàtí kan náà láràárọ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀, àní ní ọjọ́ tí òjò kò rọ̀ pàápàá. Èkejì, kí ẹ̀yin Ìjòyè àti àgbà fi ibi tí omi dé rí nínú ìlú han àwọn ọmọ. Ẹ̀kẹta, kí Ẹgbẹ́ wa máa tẹ àkọsílẹ̀ wọn sínú ìwé oṣooṣù yìí.

Òjò kò bá ẹnìkan ṣọ̀tá. Ẹni tí eji bá rí ni eji ń pa. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ àwọn ọmọ wa, kí eji má bàa bá wọn lójijì.