Òjò tí ó rọ̀ ní Guinea àti omi tí ó dé Kainji: Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ

Ẹ ní kí àwa ìgbìmọ̀ sọ̀rọ̀ lórí omi, nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Mokwa ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2025.

Òjò òru kan ni. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, àgbàrá ti gbé ilé lọ, òkú tí a rí sì ju 150 lọ. Kíá ni àwọn ènìyàn ń wí pé wọ́n ṣí omi sílẹ̀ ní dáàmù Kainji tàbí ti Jebba. Kò rí bẹ́ẹ̀. NIHSA, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń wọn odò, sọ pé kì í ṣe omi dáàmù. Ó yẹ kí a mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín omi méjèèjì, nítorí òun ni yóò sọ bóyá a ó ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ láti kó ẹrù, tàbí ìṣẹ́jú díẹ̀ láti gbé ọmọ sá.

Ẹni tí ó bá ti pẹ́ níhìn-ín mọ̀ pé òjò wa kò bá ti ilé mu. Ní oṣù kẹjọ, nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró díẹ̀ fún àwọn ará ilé ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, ìgbà náà gan-an ni tiwa ń rọ̀ jù. Afẹ́fẹ́ kan náà ni ó ń ṣe é. Láti orí òkun ni ó ti ń fẹ́ wá, ó ru omi, ó ń tẹ̀lé oòrùn lọ sí àríwá títí yóò fi pàdé afẹ́fẹ́ gbígbẹ aṣálẹ̀ tí ń mú ọyẹ́ wá. Ní ìparí oṣù kẹfà tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje, agbára òjò náà a fo kúrò létí òkun, a bọ́ sọ́dọ̀ wa. Bí oṣù kẹsàn-án bá ń parí lọ, a tún padà. Àwọn onímọ̀ Áfíríkà àti ti Yúróòpù dáwọ́ lé iṣẹ́ ńlá lórí rẹ̀ ní 2002, iṣẹ́ tí wọ́n pè ní AMMA. Ní 2006 wọ́n gbé ọkọ̀ òfúrufú àti ọkọ̀ ojú omi jáde láti wọn afẹ́fẹ́ yìí àti òjò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ òjò kò tíì mọ odò. Ẹ wo Odò Ọya tiwa, tí àwọn Hausa ń pè ní Kwara. Orí òkè ní Guinea ni ó ti ṣàn wá, gígùn rẹ̀ tó 4,200 kìlómítà. Ìkún méjì ni ó ń kún dé Kainji lọ́dún. Èkíní ni omi funfun, tí ẹrẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀: òjò Sokoto, ti Kebbi àti ti agbègbè ẹnu ibodè ni, láti oṣù kẹjọ sí ìkẹwàá. Èkejì ni omi dúdú. Òjò Guinea ni èyí, tí ó ti rọ̀ láti oṣù keje dé ìkẹsàn-án. Ó gba Mali kọjá, ó tẹ́ lọ bẹẹrẹ lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ kan níbẹ̀, ó fi ẹrẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, oòrùn sì mu tó ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, nígbà mìíràn ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ wa, láàárín oṣù kejìlá àti ìkejì, ó ti mọ́ gaara. Ọyẹ́ ti ń bó wa létè nígbà náà, kò sí òjò láti oṣù mélòó kan, odò sì ń kún! Láti 1968 tí Kainji ti ń ṣiṣẹ́, òjò tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbúròó rẹ̀ wà lára ohun tí ń tan iná fún wa.

Ilẹ̀ pẹ̀lú ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ í sọ. Ní ọ̀dá ọdún 1985, Odò Ọya fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán ní Niamey. Láti ìgbà náà òjò ti padà díẹ̀, kò tíì tó ti àwọn ọdún 1950, síbẹ̀ ìkún tí òjò àdúgbò ń mú wá ní Niamey ti ga ju ti àtijọ́ lọ. Ti 2012 àti 2020 wọ ìlú náà gidigidi. Kí ló fà á? A gé igbó, a ro ilẹ̀ láìjẹ́ kí ó sinmi, ojú ilẹ̀ le bí àwo. Omi kò rí ibi wọ̀, ó sáré bọ́ sódò. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń fi ìwọ̀n òjò nìkan ṣírò odò yóò ṣì í.

Àwọn tí ń tọ́jú Kainji wà láàárín iná méjì. Bí wọ́n bá jẹ́ kí adágún kún jù kí omi funfun tó dé, wọn yóò ní láti ṣílẹ̀kùn, oko ìrẹsì ìsàlẹ̀ Jebba yóò sì rì. Bí wọ́n bá ṣẹ́ ẹ kù jù, tí omi dúdú sì kéré, iná yóò wọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àfi kí wọ́n da àsọtẹ́lẹ̀ òjò, ipò ilẹ̀ àti ìwọ̀n odò láti Mali, Niamey àti Jidere Bode pọ̀, kí wọ́n tó mọ èyí tí wọn yóò ṣe. Ọdọọdún láti 2013 ni NIHSA ń gbé ìwé àsọtẹ́lẹ̀ ìkún omi jáde, tí ó ń dárúkọ ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí ewu wà fún. Ní 2022 ìwé náà jáde, síbẹ̀ ènìyàn tí ó ju 600 kú káàkiri Nàìjíríà. Lójú tiwa, kì í ṣe ìṣírò nìkan ni ó kù díẹ̀ káàtó. Ìwé dé Abuja, kò dé ọjà. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, èdè onímọ̀ sì ni.

Èyí ni a ṣe ń bẹ̀ yín. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù tàbí ilẹ̀ sí ojú odò gbígbẹ, kí ó kọ́kọ́ bi àwọn onílé tí ó ti dàgbà síbẹ̀. Olówó pọ́ọ́kú ilẹ̀ kì í ṣàìnídìí. Irú òjò Mokwa kì í rán oníṣẹ́ ṣáájú, ibi tí a kọ́lé sí nìkan ni ààbò wa. Ṣùgbọ́n ti odò ńlá ń rán oníṣẹ́. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ń gbé New Bussa àti Jebba yóò máa fóònù akọ̀wé bí wọ́n bá gbọ́ pé wọn yóò ṣí dáàmù. Ẹni tí ó ní iṣu tàbí sìmẹ́ǹtì létí odò, kí ó ti kó o sókè kí oṣù kẹjọ tó wọlé. Akọ̀wé yóò wá ìwé NIHSA ti ọdún yìí, yóò túmọ̀ apá tí ó kàn wá sí Yorùbá, a ó sì kà á sókè ní ìpàdé tí ń bọ̀.