Amòfin Nípò Àṣẹ: Ẹ Jẹ́ Ká Ka Ìwé Ẹjọ́ Wọn



Bí lọ́yà tó ti ṣe mínísítà tàbí gómìnà rí bá papò dà, ìwé ètò ìsìnkú rẹ̀ máa ń nípọn. Ọdún tó di amòfin ní London á wà níbẹ̀, oyè SAN á wà níbẹ̀, oyè ìlú náà ò ní gbẹ́yìn, àwòrán tó ti dé wíìgì ni wọn yóò sì fi ṣe èèpo ìwé. Àwọn àgbà ló ní ọjọ́ a bá kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Ẹ tú ìwé náà títí, ẹ lè má rí ẹjọ́ kan ṣoṣo tí olóògbé rò, tàbí òfin tó bá wọn kọ, áńbọ̀sìbọ́sí ẹni tí òfin náà gbè àti ẹni tó ṣe lọ́ṣẹ́. Mi ò ní ká máa bú òkú. Ohun tí mo ń sọ ni pé amòfin tó bá dé ipò àṣẹ, inú ìwé ẹjọ́ àti ìwé òfin ni ká ti lọ wá ìgbésí ayé rẹ̀, ká ka èyí tó dùn mọ́ èyí tó korò.

Ìbẹ̀rẹ̀ wọn dùn-ún sọ. Christopher Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n bí sí Sàró, di amòfin ní 1879, òun sì ni àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ ilẹ̀ wa. Ó wọ ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó láyé gómìnà òyìnbó. Nígbà tí ìjọba gbé òfin tí yóò fún ìwé ìròyìn lọ́rùn wá ní 1903, ó takò ó. Òfin náà wọlé ṣá. Alátakò lẹ́nu lásán ni amòfin wa láyé ìgbà náà; kò sí àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ tí a lè fi dán an wò.

Òmìnira ló gbé àṣẹ lé wọn lọ́wọ́, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti le. Ẹ wo Teslim Ọláwálé Elias, ọmọ Èkó tí ìwé rẹ̀ lórí òfin ilẹ̀ ní Nàìjíríà ti jáde láti 1951. Òun ló di agbẹjọ́rò àgbà ìjọba àpapọ̀ àti mínísítà ètò ìdájọ́ ní 1960. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ìjọba yẹn kan náà fi ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ kan Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, olórí alátakò. Awólọ́wọ̀ fẹ́ kí amòfin kan láti London wá gbẹjọ́ òun rò. Mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé kò jẹ́ kó wọlé. Awólọ́wọ̀ gbé èyí náà lọ sílé ẹjọ́. Ilé ẹjọ́ ní lóòótọ́ ni òfin fún un láyè láti yan amòfin tó wù ú, àmọ́ amòfin tí kò sí ìdíwọ́ fún láti wọ Nàìjíríà ni o. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án 1963, Adájọ́ Ṣówẹ̀mímọ́ rán an ní ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Amòfin ni ẹlẹ́jọ́, amòfin ni adájọ́, amòfin ni mínísítà ètò ìdájọ́, Yorùbá sì ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Elias padà di adájọ́ àgbà Nàìjíríà ní 1972. Ìjọba ológun tuntun yọ ọ́ ní 1975, ó sì gba ilé ẹjọ́ àgbáyé lọ ní Hague, níbi tó ti di ààrẹ láti 1982 sí 1985, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé ipò náà. Hague yìí la máa ń sọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ Elias tinútòde, kó ka ti 1962 náà mọ́ ọn.

Èyí tó ṣì ń bí àwọn kan nínú nínú gbọ̀ngàn yìí ni ti ìdìbò ààrẹ 1979. Mo rí i bí àwọn bàbá kan ṣe gbójú sókè. Òfin ìdìbò ní ẹni tí yóò di ààrẹ gbọ́dọ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò, ó kéré tán, nínú ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ 19 la ní. Shehu Shagari, olùdíje ẹgbẹ́ NPN, rí i mú ní ìpínlẹ̀ 12, ó wá ku Kánò. Ìbò 1,220,763 ni wọ́n dì ní Kánò. Shagari ní 243,423. Ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo rẹ̀ lé ní 305,000, kò dé ibẹ̀. Richard Akínjídé, agbẹjọ́rò ẹgbẹ́ NPN, ní ìpínlẹ̀ 13 kọ́ ni òfin sọ, 12 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta ni. Nítorí náà, ìdá méjì nínú mẹ́ta ìbò Kánò ni kí wọ́n pín sí mẹ́rin. Ìyẹn jẹ́ 203,460 àti díẹ̀, Shagari sì ti kọjá rẹ̀. Àwọn alátakò bi í pé bí wọ́n bá gé ìbò Kánò kù, kí ló dé tí wọn kò gé ti Shagari náà?

Awólọ́wọ̀, tó bá Shagari díje, pe ẹjọ́; G.O.K. Àjàyí ló rò ó fún un. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ, tí Fatayi-Williams ṣe olórí rẹ̀, dá Shagari láre. Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́ nìkan ló yapa nínú àwọn adájọ́ méje, ó ní ìpínlẹ̀ kò ṣeé gé sí wẹ́wẹ́.

Lójú tèmi, Ẹ̀ṣọ́ ló tọ̀nà. Síbẹ̀, n kò gbà pẹ̀lú àwọn tó fi ìṣirò kan ṣoṣo sin Akínjídé nígbà tó kú ní 2020. Oníbàárà ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, iṣẹ́ lọ́yà ló sì ṣe. Àwọn adájọ́ ló fọwọ́ sí àbájáde rẹ̀. Ohun tó yẹ ká bi í gan-an wà nínú ọdún mẹ́rin tó tẹ̀lé e, nígbà tó di agbẹjọ́rò àgbà ìjọba Shagari fúnra rẹ̀, tí kò sí oníbàárà mọ́ àfi gbogbo ìlú. Ìbéèrè yẹn ni ariwo ìdá méjì nínú mẹ́ta kò jẹ́ ká rójú bi í.

Bọ́lá Ìgè ni ti ìkẹyìn. Gómìnà Ọ̀yọ́ ni láti 1979 sí 1983. Mínísítà iná mànàmáná ni kó tó di ti ìdájọ́ ní 2000. Ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀ débi pé Cicero, lọ́yà ará Róòmù àtijọ́ tó dé ipò àṣẹ, ni wọ́n fi ń pè é. (Wọ́n pa Cicero náà, àmọ́ àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ kò rò ó débẹ̀.) Wọ́n ti yàn án sí ìgbìmọ̀ òfin àgbáyé ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ó ń múra àtilọ, kí àwọn apààyàn tó wọlé bá a ní Bódìjà, n'Íbàdàn, lálẹ́ ọjọ́ 23 oṣù kejìlá 2001. Wọ́n gbé àwọn kan lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ dá wọn sílẹ̀. Títí di òní, kò sẹ́ni tí wọ́n dá lẹ́bi ikú agbẹjọ́rò àgbà Nàìjíríà tó wà lórí àga. Tọ́dúntọ́dún la ń sọ bí wọ́n ṣe pa á. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ òfin, mo fẹ́ kí ẹnìkan nínú yín lọ kọ àpilẹ̀kọ lórí ohun tó fi ọ́fíìsì yẹn ṣe láàárín ọdún kan ó lé tó lò níbẹ̀, kó sì so ìwé ẹjọ́ àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀ náà mọ́ ọn. Bó bá ti parí rẹ̀, kó gbé e wá sí ọ́fíìsì mi, màá kà á.