Ta Ló Kọ́ Ajá ní Fèrè?

Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ajá la máa ń dá lẹ́bi nínú òwe yìí, a kì í rántí pé ọdẹ ló kọ́ ọ ní fèrè. Ẹni tó ra ajá ńlá, tó so ó mọ́lẹ̀ látàárọ̀, tó wá tú u sílẹ̀ lóru, kò kọ́ ọ ní nǹkan kan. Irú ajá bẹ́ẹ̀ kò mọ olè yàtọ̀ sí ọmọ aládùúgbò tí wọ́n rán wá tọrọ iyọ̀. Lójú tèmi, owó olùkọ́ ajá kì í ṣe owó fàájì.

Àwọn kan á ní àwọn bàbá wa kò háyà ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni, àmọ́ ọdẹ àti ajá rẹ̀ jọ ń wọ igbó ni. Ẹni tó ń sá fún súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìyànà Ìpájà ní Èkó láti aago márùn-ún ìdájí, ìgbà wo ló fẹ́ kọ́ ajá? Àwọn mìíràn ní pàṣán ti tó. Àmọ́ Pavlov, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Rọ́ṣíà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1904, fi hàn pé ìró tí ajá ń gbọ́ kí oúnjẹ tó dé ti tó láti mú itọ́ yọ lẹ́nu rẹ̀. Bí ẹ bá wá pè é, tó dé, tí ẹ nà án, kí ni yóò so mọ́ ìpè yín?

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí olùkọ́ náà jẹ́ kí ẹ dúró wo iṣẹ́ rẹ̀, kó sì kọ́ ẹ̀yin náà. Bó bá kọ̀, ẹ fa okùn ajá yín, ẹ máa lọ ilé.